Oko Fi Mi Sile ni Osodi

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ní àsìkò òjò, bíi ọdún méjì sẹ́yìn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi nígbà tí mo ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ilé wa ní Jákàńdè, Ìsọlọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló fi í ránṣẹ́. Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún, Mafolúkù ló ń gbé, kò sì ríran mọ́. Àìsàn ojú ló ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan. Láti ìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń wá òmíràn, gbogbo ibi tó bá sì dé, ọ̀pá funfun ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó wo ìwé rẹ̀.

Ó kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà pé ilé iṣẹ́ kan ní Ire-Àkárí ń wá ẹni tí yóò máa gba ìpè àwọn aláìsàn lórí fóònù, tí yóò sì máa fi Yorùbá dá wọn lóhùn. Etí àti ẹnu ni wọ́n fẹ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì tì í. Nínú fọ́ọ̀mù náà, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn kékeré kan ní èdè Yorùbá nípa ọjọ́ kan tó yanjú ìṣòro fúnra rẹ̀. Ó ti kọ tirẹ̀. Ó fẹ́ kí n bá òun wò ó kí òun tó fi ránṣẹ́.

"E ba mi tun un se, ma," ló kọ sí ìparí, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí gan-an, láìsí àmì ohùn kan lórí lẹ́tà, láìsí ẹyọ kan nísàlẹ̀ rẹ̀. "Bi e se maa n se e ni kilaasi."

Inú mi dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àmì ohùn sì ni ìjà mi ní gbogbo ọdún yẹn. Àwọn ọmọ mìíràn a máa fi àmì wọ́n ìwé bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àwọn mìíràn kì í fi sí i rárá, wọ́n á ní, "Mà, ẹ ṣáà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ." Mo máa ń sọ fún wọn pé n kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kọ̀wé kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á, nítorí náà kí ó má ṣe fi ohùn ara rẹ̀ sílé.

Mo ti bi obìnrin yìí léèrè nígbà kan bó ṣe ń kọ̀wé tí kò ríran. Ó ní ohùn kan wà nínú fóònù òun tó máa ń ka ohunkóhun tí ìka òun bá bà lójú fóònù. Tí ìka bá ba lẹ́tà, ohùn náà á pe orúkọ rẹ̀. Tí òun bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fóònù á kọ ọ́. Ohùn òyìnbó ni, bí òyìnbó ló sì ṣe ń ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ òun lára. Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.

Ìtàn tó kọ kò ju ìlà mélòó kan lọ. Mo ṣì ní i lọ́wọ́:

"Ojo ti mo koko da jade nile pelu opa funfun mi ni oko fi mi sile ni Osodi. Mo ro pe yoo duro de mi. Mo pariwo, ko boju weyin. Awon eniyan n wo mi, mo mo. Mi o sunkun. Mo duro titi okan mi fi bale, mo fa foonu mi yo, mo fi ohun re wa ona. Mo dele funra mi."

Mo jókòó lé aṣọ tí mo ká. Mo mọ̀ pé ó lọ́kọ. Ó ti sọ fún mi rí pé pápákọ̀ òfurufú ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú bàálù, ṣùgbọ́n n kò tíì fojú kàn án. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí rí. Ojú obìnrin á fọ́, ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta, nígbà tó bá sì yá, kò ní wálé mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin mú ìyàwó rẹ̀ tí kò ríran jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó máa fi ọ̀pá rìn, kí ó já a sílẹ̀ láàrin èrò Òṣòdì, kí ó má sì bojú wẹ̀yìn! Omi bọ́ lójú mi. Bó ṣe kọ ọ́ láìráhùn ló tún dùn mí jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Fóònù mi ní àmì Yorùbá, ṣùgbọ́n sùúrù ni wọ́n fi ń rí i: èèyàn á tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àwọn àbúrò rẹ̀ á fi jáde sókè, á wá yan èyí tó fẹ́. Mo yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí mo dé ibi tó kọ "oko fi mi sile" sí, mo rí i pé gbólóhùn náà kò pé tó. Ọkọ ta ni? Obìnrin kì í sọ pé "ọkọ fi mí sílẹ̀" bí ẹni pé ọkọ gbogbo ayé ni. Ìbànújẹ́ ló jẹ́ kó fo ọ̀rọ̀ kan, mo rò bẹ́ẹ̀, mo sì bá a fi kún un: "Ọkọ mi fi mí sílẹ̀ ní Òṣòdì." Ó jókòó dáadáa. Mo fi ránṣẹ́ sí i.

Kò pẹ́ tí ó fi fi ohùn ránṣẹ́ padà.

"Mà, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí mi? Fóònù mi ń kólòlò. Ó ń pe 'k', ó ń pe 'f', ó ń fo ìyókù, bí ẹni tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká."

Mo fi ohùn dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, fara balẹ̀ tún un gbọ́. Kò sí ohun tí kò pé níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà, mà."

Mo wo ìwé náà, mo rí ibi méjì tí mo ti gbàgbé àmì. Mo ní ìyẹn ló fà á. Mo tún wọn ṣe, mo fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú.

"Mà, ẹ má bínú o," ohùn rẹ̀ wọlé, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Tẹ́lẹ̀, ó ń kólòlò. Ní báyìí, ó ti yadi."

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí mo bá fún ní ìwé náà, yóò gbóríyìn fún un. Mo kà á sókè fún ara mi, ó dùn ún gbọ́. Báwo ni ohun tó dùn ún gbọ́ lẹ́nu mi ṣe ń yadi ní etí rẹ̀?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo pinnu pé màá gbọ́ ohun tí ó ń gbọ́. Mo wọ inú ètò fóònù mi, mo wá a títí mo fi rí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn náà fún àwọn tí kò ríran. Mo tẹ̀ ẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni fóònù mi ti kúrò lábẹ́ àṣẹ mi.

Mo fọwọ́ kan ibi àtẹ̀jíṣẹ́, ó pe orúkọ ara rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Mo tún fọwọ́ kàn án, ó tún pe orúkọ rẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo ní, "Mo mọ orúkọ rẹ, ṣí." Kò ṣí. Mo fi ìka ti ojú ìwé sókè, kò gùn, ó kàn ń ka ohun tí ìka mi ń kọjá lórí rẹ̀ bí ọmọ tó ń ka pátákó lójú ọ̀nà. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣí ìwé tí mo fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ọ.

Ibi tí mo kọ "sílẹ̀" sí, ohùn òyìnbó náà pe "s", ó pe "l", ó sì kọjá. "Ọ̀pá" di "p". Gbogbo lẹ́tà tí mo fi àmì sí lórí, tàbí tí mo fi ẹyọ sí nísàlẹ̀, ló fò bí ẹni ń fo kòtò lójú ọ̀nà. Àwọn tí n kò fi nǹkan kan sí nìkan ló kà. Mo yí i padà sí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ mi fúnra rẹ̀ kọ láìsí àmì. Ó kà á tán, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ wọ́, ó dà bí ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo gbé fóònù náà sórí tábìlì, mo ń wò ó. Ohun tí mo fi gbogbo ọdún iṣẹ́ mi sọ pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde ló ń lé ọ̀rọ̀ jáde yìí. Ṣé fóònù ni kò gbọ́n ni, àbí èmi? Mo gbà pé fóònù ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń lò ó láti fi wá iṣẹ́? Kì í ṣe èmi.

Mo fẹ́ pa ohùn náà, kò kú. Mo wọ ojú ìwé fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ náà kí n lè wo bó ṣe rí sí i, ó ń sọ fún mi ní èdè òyìnbó pé, "Bọ́tìnnì, kò lórúkọ. Bọ́tìnnì, kò lórúkọ. Àwòrán. Bọ́tìnnì." Ojú mi rí i kedere pé ọfà ló wà lára bọ́tìnnì kan, tí àmì pípaarẹ́ sì wà lára èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ojú ìwé náà kò kọ orúkọ wọn síbẹ̀ fún ohùn láti pè. Ẹni tí kò ríran yóò wà níwájú ìlẹ̀kùn méjì, ọ̀kan ń lọ síwájú, ọ̀kan ń pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Fóònù ń dún, ó tún ń dárúkọ ẹni tó ń pè, mo ń fa àmì ìgbàpè sọ́tùn-ún bí mo ṣe máa ń ṣe, kò gbà. Ìgbà mẹ́rin ló pè. N kò rí ọ̀kan gbà.

Ìdí nìyẹn tó fi gbéra wá fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí wọn yóò ti fọ́ọ̀mù náà. Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí mo gbọ́ "Àgò onílé!" Mo ṣílẹ̀kùn. Òun ló dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀, ọkùnrin kan sì dì í ní apá mú, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ofeefee tó ń dán, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú máa ń wọ̀.

"Mà, ọkọ mi nìyí," ni obìnrin náà wí. "Ó ní òun máa sìn mí dé ọ̀dọ̀ yín kí òun tó gba ibi iṣẹ́ lọ."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ bó ṣe tọ́. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣé tí ẹ ń bá wa tọ́jú rẹ̀."

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ti padà dé?"

"Mà?"

"Mo ní ẹ ti padà dé."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. "Rárá o, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni."

"Ẹ kúkú máa lọ. Ó ti mọ́ yín lára."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún tí kò mọ̀ ọ́n, ó tún mi kí, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. N kò fi omi lọ̀ ọ́. Láyé mi, n kò rántí àlejò mìíràn tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

"Mà, ṣé ara yín yá?" ni akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè nígbà tó jókòó.

"Ara mi yá. Fóònù mi ni ara rẹ̀ kò yá."

Ó na ọwọ́, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka méjì gbá ojú fóònù náà bí ẹni ń gbá erúku, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó tẹ̀, ó tún tẹ̀, ohùn náà sì dákẹ́. Ìṣẹ́jú kan kò pé. "Ẹ ti gbé ara yín sọ́dọ̀ wa, mà," ó wí, "ẹ wá ń wá ọ̀nà ilé." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn mi.

Ó ní, níwọ̀n bí fóònù òun kò ti lè ka iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí n kà á sí òun létí. Ó ṣì fẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí mo tún ṣe ni òun máa fi ránṣẹ́. Mo wọ awò ojú mi, mo sì fi ohùn kíláàsì kà á.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jáde nílé pẹ̀lú ọ̀pá funfun mi ni ọkọ mi fi mí sílẹ̀ ní Òṣòdì."

"Ẹ dúró, mà."

Mo dúró.

"Ta ló fi mí sílẹ̀?"

"Ọkọ rẹ." Mo rọ ohùn mi sílẹ̀. "Má tijú, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ."

"Ọkọ mi tó sìn mí wá báyìí?"

"Òun náà."

Ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ọ̀pá rẹ̀ yọ̀ kúrò lára àga, ó ṣubú. "Ọkọ̀ ni, mà! Ọkọ̀! Ṣé mi ò kọ ọ́ pé mo dá jáde ni? Mo sọ̀kalẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè bọ́ sílẹ̀, kí n tó gòkè padà, ó ti lọ! Ọkọ̀ ló fi mí sílẹ̀!" Ó nu ojú. "Háà! Ìdí tí ẹ fi ní 'ẹ ti padà dé' nìyẹn? Ẹni ẹlẹ́ni! Á máa rò ó kiri láàrin ẹrù bàálù báyìí."

Mo ní ó kọ "oko" láìsí àmì, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà. Mo ń sọ ọ́ bí olùkọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín rẹ̀ ń relẹ̀.

"Ọ̀nà méjì, mà. Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń ríran ló kọ ọ́ sí yín pé oko fi òun sílẹ̀ ní Òṣòdì, èwo lẹ máa kọ́kọ́ kà níbẹ̀?"

Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń fi èèyàn sílẹ̀ ní Òṣòdì. Ó ti fi èmi náà sílẹ̀ níbẹ̀ rí.

"Ẹ tún fi 'mi' sí i," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Èmi kò kọ 'mi'. Ká ní mo ti fi ránṣẹ́, n kò ní mọ̀ láéláé. Etí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ni yóò ti gbọ́ pé ọkọ mi kọ̀ mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò tó ẹ̀bẹ̀, kí n kàn yọ ọ́ kúrò. Mo yọ ọ́, mo fi àmì tó tọ́ sórí ọkọ̀, mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù. Aago méjìlá ti kọjá.

Ó ti mọ àwọn bọ́tìnnì tí kò lórúkọ náà kí ó tó wá. Ó ti kà wọ́n: ẹ̀kẹta láti òkè ló ń lọ síwájú, ẹ̀kẹrin ni kí ó sá fún. Báyìí ni obìnrin yìí ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Nígbà tó gbé ìtàn náà sínú àpótí tí wọ́n ṣí fún un, fóònù pariwo pé lẹ́tà rẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí wọ́n fẹ́ lọ. Ó ní kò lè jẹ́, òun ti ka lẹ́tà rẹ̀ nílé, kò sì kọjá iye náà. A wò ó títí kí ó tó yé wa: fọ́ọ̀mù náà ń ka àmì orí sí lẹ́tà kan, ó tún ń ka ẹyọ ìsàlẹ̀ sí òmíràn. Aṣọ tí mo wọ̀ fún ìtàn náà ni kò jẹ́ kó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Yálà kí a gé ìtàn náà kù," mo wí, "tàbí kí a bọ́ àmì náà."

"Ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ, mà."

"Tí wọ́n bá wá kà á bí mo ṣe kà á ńkọ́?"

Ó ronú. "Màá kọ 'bosi'."

Mo la ẹnu láti sọ fún un pé bọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ nínú àròkọ, ó sì ti gbọ́ mímí tí mo mí.

"Ṣé ẹ rí i? 'Bosi' ni mo kọ́kọ́ kọ, mà. Nígbà tí mo rántí pé ọwọ́ yín ló ń bọ̀, mo pa á rẹ́, mo kọ 'oko'. Kíláàsì kejì, ẹ fagi lé bọ́ọ̀sì nínú ìwé mi nígbà mẹ́ta nínú àròkọ kan ṣoṣo. Ẹ ní kí n kọ ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ ní pupa."

N kò rántí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń wá ẹni tó da ọ̀rọ̀ yìí rú, mo ti fẹ̀sùn kan fóònù, mo ti fẹ̀sùn kan ọkọ ọlọ́kọ. Mo ní kí ó kọ bọ́ọ̀sì.

Ó kù díẹ̀ kí a parí nígbà tí fọ́ọ̀mù náà ní kí ó fi hàn pé èèyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n gbé àwòrán mẹ́sàn-án jáde, wọ́n ní kí ó mú gbogbo èyí tí iná tó ń darí ọkọ̀ bá wà nínú rẹ̀. "Ojú yín ni mo nílò níbí, mà," ló wí, inú mi sì dùn pé mo wúlò. Mo mú mẹ́ta. Wọ́n ní kò tọ́. Wọ́n gbé mẹ́sàn-án mìíràn wá. Òpó iná wà nínú ọ̀kan, iná kò sí lórí rẹ̀. Ṣé òpó náà kà? Mo mú un. Kò tọ́. Mo fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò tọ́ náà.

"Ó jọ pé ẹ̀rọ ni mí," mo wí.

Ó gba fóònù, ó wá ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ dípò wíwò. Ariwo kan jáde bí òjò lórí páànù, ohùn òyìnbó kan sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀. N kò gbọ́ ju ariwo lọ. Ó tẹ́tí, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbọ́ ọ, ó kọ ohun tó gbọ́. Ó tọ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fọ́ọ̀mù náà lọ.

Kí ó tó kúrò nílé mi, mo ní kí ó bá mi bẹ ọkọ rẹ̀.

"Kí n ní kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Sọ fún un pé n kò mọ̀ pé ọkọ̀ ni."

"Kò ní yé e."

"Kò tíì yé èmi náà tán."

Ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ kọjá. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, ó sì pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti kọ̀wé sí i, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà. Wọ́n ya ìwé náà ní fọ́tò, wọ́n sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Fóònù rẹ̀ kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ ju "àwòrán" lọ. Láti àárọ̀ ló ti gbé èsì náà dání, ọkọ rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́.

"Ẹ kà á sí mi létí, mà. Ẹ kà á bó ṣe wà. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Mo ní mo gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ní tòótọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́, àmì kankan kò sí lórí rẹ̀. Mo kà á: "A ti gba iwe ibeere re. Ki o wa si odo wa ni ojo Aje ni aago mesan-an."

"Ṣé wọ́n gbà mí ni, mà?"

Mo tún wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti gba ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá gba ìwé lè jẹ́ pé ó tẹ́wọ́ gbà á nìkan ni, bí ẹni gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Mo ti fẹ́ sọ èyí tó wù mí. Mo gbé e mì.

"N kò mọ̀," mo wí. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà."

"Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀?"

"Ìlà kan kù. 'Jowo so eti ti o fe maa fi gbo ipe fun wa, otun tabi osi, ki a le ba o wa ero eti re.'"

Mo ń gbọ́ ariwo bàálù tó ń fò kọjá lórí ilé wọn ní Mafolúkù. Nígbà tó kọjá, ó ní, "Mà, wọn kì í bi ẹni tí wọn kò fẹ́ gbà ní irú ìbéèrè yẹn."

Mo bi í léèrè etí wo ni yóò sọ fún wọn.

"Òsì ló ń gbọ́ràn jù," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ 'osi' sí wọn láìfi nǹkan kan sí i ńkọ́? Wọ́n á kà á sí pé òṣì ni mo fẹ́ fi gbọ́ ìpè. Ọ̀tún ni màá kọ."

N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó ń ṣàwàdà ni. Ṣùgbọ́n etí ọ̀tún ni ẹ̀rọ náà wà nígbà tí mo lọ kí i níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ire-Àkárí.